Òkété Tó Ní Màlúù Ni Kí Wọ́n Pa Fún Òun

Àwọn àgbà ní àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Òkété ayé ìgbà náà mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Á gba èkùrọ́, á dúpẹ́. Ti òde òní kò tíì jókòó tán tó ti ń béèrè màlúù.

Ẹ wo Fiat, ilé iṣẹ́ mọ́tò ọmọ Ítálì, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Kì í kúkú ṣe àjèjì níbẹ̀. Ó ti gbé ibẹ̀ rí, ó dípẹtà níbẹ̀, wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní 1983. Nígbà tí gbèsè wọ Chrysler, ilé iṣẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà, lọ́rùn ní 2009, ó ráyè wọlé padà: wọ́n fún un ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà láì kọ́kọ́ san kọ́bọ̀, Sergio Marchionne sì di ọ̀gá ilé méjèèjì.

Ní 2011, ó gbé mọ́tò kan tí wọ́n ń pè ní 500 dé. Ilẹ̀kùn méjì, gígùn rẹ̀ bíi mítà 3.5. Ní Róòmù, níbi tí àdúgbò ti há gádígádí, mo gbà, mọ́tò gidi ni. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ló gbé e wá, níbi tí píkọ́ọ̀pù Ford ti ń lé mọ́tò yòókù sẹ́yìn lọ́jà láti ọjọ́ pípẹ́. Níbo ni baálé ilé ní Texas yóò jẹ́ kí ìyá ìyàwó rẹ̀ gbà wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí?

Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. 50,000 ni wọ́n láwọn yóò tà ní Àríwá Amẹ́ríkà lọ́dún àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí àwọn tó ń bá wọn ta ọkọ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù ọ̀tọ̀ fún un, kì í sì í ṣe ṣọ́ọ̀bù lásán o, "sítúdíò" ni kí wọ́n máa pè é. Sítúdíò, nítorí mọ́tò kan ṣoṣo! Wọ́n tún gbé Jennifer Lopez jáde nínú ìpolówó, ó ń wa 500 kiri Bronx, àdúgbò tí wọ́n bí i sí. Àṣé akọrin wa kò kúrò ní Los Angeles. Ẹlòmíràn ló bá a wa ọkọ̀ ní Bronx. Ọdún yí po, èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kò tó 20,000.

Wọ́n wá ronú pé kí àwọn mú èyí tó tóbi díẹ̀ wá, 500L. Ibo ni wọ́n ti ń ṣe é? Kragujevac ní Serbia, ìlú kan náà tí Yugo ti wá, mọ́tò $3,990 tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ṣẹ̀sín jù láyé. Ẹni tó ń sá fún ẹ̀sín kì í gba ibẹ̀ kọjá.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti 500e, tó ń lo iná mànàmáná. Òfin California ló mú kí wọ́n ṣe é. Ní 2014, ní Washington, Marchionne fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á, torí òun ń pàdánù $14,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oníṣòwò tó ń bẹ oníbàárà kó má rajà!

Ní 2019, wọ́n kó 500 kúrò lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà. Ní 2024, ó tún dé, iná mànàmáná nìkan ló ń lò báyìí. Ẹ̀yin tó ń bá wọn ta ọkọ̀, bí wọ́n bá tún ní kí ẹ kọ́ sítúdíò, ẹ gbowó bíríkì lọ́wọ́ wọn ná.