Ṣòkòtò Àgbàbọ̀ Olówó Gọbọi

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, níbi àpérò àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní California, ọkùnrin kan dìde láàárín èrò, ó bi Tim Cook tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Apple ní ìbéèrè. Ó ní fídíò tí òun ń fi ránṣẹ́ sí ìyá òun láti orí iPhone kì í dé ọ̀dọ̀ wọn bó ṣe yẹ, torí pé Android ni ìyá ń lò. Kí ni Apple fẹ́ ṣe sí i? Cook dá a lóhùn pé kó ra iPhone fún ìyá rẹ̀.

Ká ní Ìbàdàn ni wọ́n ti sọ ọ́, àgbà kan ìbá ti dá sí i, ìbá sì béèrè bóyá fóònù ni kò dára ni àbí ìyá. Ọmọ mú ẹjọ́ ẹ̀rọ wá, wọ́n dá ìyá lẹ́bi.

Apple sì mọ ohun tó fà á. Láti ọdún 2011 tí iMessage ti jáde, bí iPhone bá ń bá iPhone sọ̀rọ̀, búlúù ni àwọ̀ ọ̀rọ̀ wọn, fídíò á sì dé gaara. Bí Android bá ti dá sí i, àwọ̀ á di ewé, fídíò á gba ọ̀nà àtijọ́ tó ń fún nǹkan pọ̀, á wá dé bàìbàì. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà pe Apple lẹ́jọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2024 pé ó ń gbégi dínà fún àwọn yòókù, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn wà nínú ìwé ẹ̀sùn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Apple gba ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń pè ní RCS láàyè, fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í dé dáadáa. Àwọ̀ ewé ò kúrò níbẹ̀ o. Ó ṣe pàtàkì kí àlejò máa rántí pé àlejò lòun.

Yorùbá ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn; bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni; rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ẹni tó bá gba nǹkan oníǹkan wọ̀, kó má retí pé yóò ṣe wẹ́kú lára òun. Ohun tí kò sí lọ́kàn àwọn tó pa òwe náà ni pé ọjọ́ ń bọ̀ tí èèyàn máa san owó ṣòkòtò àgbàbọ̀ pé pérépéré, tí á gba rìsíìtì, tí á sì tún máa fi bú ẹni tó gba tirẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn.

Ní Nàìjíríà, ìjà iPhone àti Android yìí ò tiẹ̀ lórí, kò nídìí. WhatsApp ni tọmọdé tàgbà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbí, WhatsApp kì í sì í wojú fóònù kó tó gbé fídíò lọ. Síbẹ̀, àwọn ọmọge Èkó kan ń sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn ò lè fẹ́ ọkùnrin Android. Ìwádìí tí òbí máa ń ṣe kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ, bóyá wárápá wà nínú ìdílé, bóyá wọ́n ń jalè níbẹ̀, ti wá kan àmì tó wà lẹ́yìn fóònù. Ọkùnrin gbọ́, ó gbéra, ó di Computer Village ní Ìkẹjà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ ₦70,000. iPhone 16 Pro Max tó jáde lọ́dún yẹn kan náà ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ náírà lọ ní ìsọ̀ nígbà náà. Ẹni tó ń gba irú owó oṣù bẹ́ẹ̀, bó fọdún kan àtààbọ̀ gbààwẹ̀, tí kò ná kọ́bọ̀, kò tíì lè rà á. Àlòkù ló kù, èyí tó tòkèèrè dé tí bátìrì rẹ̀ ti gbó. Á wá so ó mọ́ power bank láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, torí iná ìjọba kì í dúró. Ẹni tó jókòó tì í ń lo Tecno: síìmù méjì ló wà nínú rẹ̀, bátìrì rẹ̀ ṣì ku ìdajì ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí Transsion, ilé-iṣẹ́ ará Shenzhen tó ni Tecno, Infinix àti itel, fi gba ọjà Áfíríkà nìyẹn, àti kámẹ́rà tí wọ́n ṣe kó lè ya aláwọ̀ dúdú kó hàn. Oní-àlòkù ń wo Tecno tìkà-tẹ̀gbin. Lẹ́yìn náà ló ní kí oní-Tecno jọ̀ọ́, kó fún òun ní hotspot.

Kí ẹni Android má tíì fò sókè. Òmìnira ló máa ń fi yangàn, àmọ́ fóònù tó rà tuntun kún fún áàpù tí kò béèrè fún, tí òmíràn nínú wọn kò sì ṣeé yọ kúrò. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá ní àwọn ò ṣe àtúnṣe sí i mọ́, ọ̀rọ̀ pin nìyẹn. Ṣòkòtò tirẹ̀ kàn lápò púpọ̀ ni.

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe àkọ́kọ́ rèé. Ní nǹkan bí ọdún 2011, BlackBerry ni àmì ọ̀làjú l'Ékòó. “Kí ni pin ẹ?”, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń kàn síni lórí BBM, ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ BlackBerry, ló ń ṣáájú “ṣé dáadáa ni?” Nollywood tiẹ̀ ṣe fíìmù Blackberry Babes lé e lórí. Ìgbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, wọ́n ti BBM tí ará ìlú ń lò pa. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n yọwọ́ kúrò lọ́rọ̀ àwọn fóònù àtijọ́ náà fúnra wọn. Àwọn tó fi pin yan ọ̀rẹ́, tó fi pin fẹ́ra wọn, ti kó lọ sí WhatsApp tipẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣòkú rẹ̀.

Ibi tí ṣòkòtò yìí ti ń ṣoni jù ni orí géèmù. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Epic Games fi ọ̀nà ìsanwó tirẹ̀ sínú géèmù rẹ̀, Fortnite, kó má baà máa fún Apple àti Google ní ọgbọ̀n dọ́là nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn méjèèjì yọ géèmù náà kúrò ní ìsọ̀ wọn. Oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ló tó padà sí ìsọ̀ Apple ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń hu irùngbọ̀n.

Ìyẹn ṣì kéré. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, Ubisoft gbé géèmù ìdíje ọkọ̀ kan jáde, The Crew. Àwọn èèyàn fowó gidi rà á, ẹlòmíràn ra páálí pẹ̀lú díìsìkì nínú. Ṣùgbọ́n géèmù náà gbọ́dọ̀ kàn sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kó tó ṣí, kódà bó jẹ́ ìwọ nìkan lò ń wa ọkọ̀ rẹ jẹ́jẹ́. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà. Kò tán síbẹ̀: wọ́n tún wọ inú àkáǹtì àwọn tó rà á, wọ́n gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ kúrò. Bí aládùúgbò bá wọlé èèyàn lálẹ́ tó palẹ̀ ohun tónílé fowó rà mọ́, a mọ orúkọ tí à ń pè é. Ilé-iṣẹ́ ní orúkọ tirẹ̀ ni “àdéhùn”, ó wà nínú ìwé gbọọrọ tí gbogbo wa máa ń tẹ̀ “mo gbà” sí láìkà. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn kan wọra débi pé wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lábẹ́ orúkọ Stop Killing Games. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn tó fọwọ́ sí i ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ká má purọ́ mọ́ Google o: nígbà tó pa Stadia, ìsọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ní oṣù Kìíní ọdún 2023, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta péré, ó dá owó géèmù padà fún àwọn tó rà á.

Ẹni tó yẹ ká fẹ́ràn nínú gbogbo wọn ni ẹni tó búra pé òun ò ní gba ti ẹnikẹ́ni wọ̀ mọ́. Microsoft ti ní àwọn ò tọ́jú Windows 10 mọ́ láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò ní ẹ̀yà ààbò TPM 2.0, kó lọ ra òmíràn. Ó bínú, ó kó lọ sórí Linux. Valve, ilé-iṣẹ́ tó ni ìsọ̀ géèmù Steam, ti ṣe Proton láti ọdún 2018, òun ló ń jẹ́ kí géèmù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, òun náà ló ń gbé Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká Valve, ró láti ọdún 2022. Ó dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó fẹ́ ṣeré. Ẹ̀dà Proton wo ni kó lò? Ó lọ wo ProtonDB, ibi tí àwọn oní-Linux ti ń jábọ̀ bí géèmù ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, wọ́n ní góòlù ni géèmù náà. Ẹnì kan ní kó fi àṣẹ kan kún un. Géèmù ṣí, kò fọhùn. Ó tún un ṣe, ó fọhùn, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ní ọ̀gànjọ́ òru, gbogbo rẹ̀ bọ́ sípò, ó ń sáré ju ti orí Windows lọ. Ó wo nọ́ńbà tó ń yí ní igun, ó ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́, ó pa kọ̀ǹpútà, ó lọ sùn. Kò gbá géèmù kankan. Kẹ́nikẹ́ni má sì bi í léèrè nípa Fortnite àti Valorant, àwọn yẹn ò gba Linux wọlé rárá. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun ti dòmìnira. Òwú Valve ni wọ́n fi rán èyí tó wọ̀ lọ́rùn, kò rí i.

Valve ọ̀hún ò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Lẹ́yìn tí California ṣòfin lọ́dún 2024 pé kí àwọn tó ń ta géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n ń tà, Steam kọ ọ́ síbi ìsanwó pé ẹ̀tọ́ láti lò ó ni oníbàárà ń gbà. Ta ló dúró kà á, nígbà tí ẹ̀dínwó ń parí lọ lóru yẹn? Lọ́dún yẹn kan náà, ẹnì kan béèrè bóyá òun lè kọ àkáǹtì òun sínú ìwé ìpíngún. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ẹ wá wo bàbá tó ti ń ra géèmù láti ìgbà tí Steam ti délẹ̀ ní 2003, tí kò tíì ṣí ìdajì wọn. Lọ́jọ́ tí ẹbí bá jókòó, dàǹdógó á kan àkọ́bí, ilẹ̀ tó wà ní Ọ̀tà á kan ìdí igi kejì, ṣòkòtò bàbá pàápàá á rí ẹni wọ̀ ọ́. Géèmù ò ní kan ẹnì kankan, àfi kí ọmọ tó bá mọ páásíwọ́ọ̀dù rọra máa wọlé, kó máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ níbẹ̀, kó má sì jẹ́ kí Valve gbọ́ pé bàbá ti kú.