Ẹ̀rọ Adáṣiṣẹ́ Gba Ọmọ Iṣẹ́
Láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹni tó bá fi ọ̀rá kọ́ ilé fún tòmátò ti di ẹnjiníà, ó ń wá ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ tí yóò máa darí omi rẹ̀. Ṣé Siemens LOGO! ti Jámánì ni ká rà, èyí tó wọ́n bí ojú, àbí Arduino, tí wọ́n ṣe fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ítálì lọ́dún 2005? Arduino ló wọlé. Vólì 5 péré ló ń jẹ, ó mọ ìgbà tí ilẹ̀ gbẹ, ó sì ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ omi ní 220 lòun ń jẹ ní tòun, àwọn oníná sì ti mú iná lọ láti àná. Ni wọ́n bá gba ọmọ kan tí yóò máa fa okùn jẹnẹrétọ̀ nígbàkígbà tí ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ bá pàṣẹ. Ọmọ náà kì í jẹ vólì, ẹ̀bà ló ń jẹ. Owó oṣù rẹ̀ kan sì ju owó Arduino lọ.