Òǹgbẹ Orí Tábìlì

Bí èèyàn bá gbọ́ bí àwọn tó ti ṣe eré Dark Sun rí ṣe ń ṣàárò rẹ̀, á rò pé àsè ni wọ́n ń rántí. Bẹ́ẹ̀, ìyà ni. Eré orí tábìlì tí TSR gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1991 yìí, inú aṣálẹ̀ Athas ló ti ń wáyé: irin ṣọ̀wọ́n bí ojú, egungun àti òkúta ni wọ́n fi ń jà, owó amọ̀ ni wọ́n ń ná, oṣó tí kò bá sì ṣọ́ra a fi ọfọ̀ sọ koríko di eérú. Àwọn èèyàn kúkurú tí eré mìíràn fi ń pani lẹ́rìn-ín, ẹran èèyàn ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ìwé òfin rẹ̀ ní kí òṣèré kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dá àtinúdá 4 tó máa fi ṣeré nílẹ̀, bí awakọ̀ tó mọ irú ọ̀nà tó fẹ́ gbà ṣe ń gbé táyà sípíà.

Àìní yẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn. Nínú eré tí wúrà ti pọ̀ bí iyanrìn, ta ló ń rántí èyí tó kó sápò? Ní Athas, ọ̀bẹ irin kan ṣoṣo lè da ẹgbẹ́ rú, omi tó kù sí ìsàlẹ̀ kèrègbè a sì sọ ọ̀rẹ́ di oníṣirò. Ẹnìkan á ní ìgbà èwe ni wọ́n ń ṣàárò. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ìgbà èwe kan náà ni wọ́n ṣe àwọn eré yòókù tí wúrà ti pọ̀. Ẹlòmíràn á ní ìyà kì í ṣe ohun ìṣeré. Òótọ́ ni, fún ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ẹni tí ẹ̀dá tirẹ̀ kú sórí iyanrìn nítorí omi ife kan ti mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò yó kí wọ́n tó sin ín.