Ọ̀kadà Tó Ń Wọkọ̀

Ẹ̀dá kan wà ní Kosofe, ní Èkó, tí wọ́n ṣe láti máa gbé èèyàn, àmọ́ tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń gbé kiri. Ọ̀kadà ni. Tírélà ló gbé e dé, yàrá ni wọ́n ń gbé e wọ̀ lálẹ́, ọkọ̀ Task Force ìjọba ló sì ń gbé e lọ. Láàárín gbígbé àti sísọ̀ yìí, tó bá ráyè gbé ẹnì kan ṣoṣo láti Ketu dé Ikosi, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ọjà Mile 12 ní ìdájí, nígbà tí àwọn tírélà bá ń wọlé láti Kano, Jigawa àti Katsina. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì wà nísàlẹ̀, tàtàṣé wà lórí tòmátì, èèyàn wà lórí tàtàṣé. Ọ̀kadà wá ńkọ́? Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn tírélà níta, táyà rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Dígí rẹ̀ kan ń wo ojú ọ̀run, ìkejì ń wo àwọn tó ń wa mọ́tò bọ̀ lẹ́yìn. Ó ti kọjá Kaduna, ó ti kọjá Mokwa, ó ti rí odò Ọya ní Jebba, ó ti gba Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn kọjá. Nǹkan bí 1,000 kìlómítà ni láti Kano sí Èkó, mítà rẹ̀ ò sì kúrò lójú kan. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á ní Ketu, wọn á fọwọ́ sọ̀yà pé, "Kò tíì rìn rárá, ẹ wo mítà!" Òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sì ń sọ.

Ẹni tó bá bi mí pé kí ló dé tí wọn ò gbé e sínú, ẹni náà ò mọ tòmátì. Tòmátì ni Alájì nínú ọkọ̀ yẹn. Òun ló san owó ọkọ̀, òun ló ń bàjẹ́ tí oòrùn bá pa á, òun ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ sáré lóru. Ọ̀kadà Bajaj lé ní 100 kìlò. Ta ló máa gbé irú ẹ̀ lé Alájì láyà? Ìdúnàádúrà láàárín dẹ́rẹ́bà àti ọlọ́kadà kì í sì í pẹ́.

"Àyè ò sí mọ́," dẹ́rẹ́bà á wí.

"Ẹ ṣáà bá mi so ó mọ́ ẹ̀yìn, ọ̀gá."

"Owó èèyàn méjì lo máa san."

"Ẹ jẹ́ kí n san ti èèyàn kan. Kì í kúkú jẹun lọ́nà."

"Ẹni tó ń jẹun á bá wa ti ọkọ̀ tó bá kú ní Jebba. Ṣé tìẹ máa tì í?"

Ọ̀rọ̀ tán. Ọmọ ọkọ̀ á kó okùn dé pẹ̀lú rọ́bà tó gé lára tíúbù táyà àtijọ́. Ọ̀gbẹ́ni yìí mọ okùn so o, ẹ má gàn án. Ó máa ń so ó débi pé òun fúnra rẹ̀ kì í lè tú u ní Mile 12, ọ̀bẹ oníṣu ni wọ́n máa ń yá. Á gbá ìjókòó ọ̀kadà náà lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Eléyìí ò lè já láéláé." Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sọ nípa ìgbéyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ń pariwo tipẹ́ pé èèyàn, ẹran àti ẹrù ò gbọdọ̀ jọ wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan. Tí wọ́n bá dá dẹ́rẹ́bà dúró, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ wò ó, sà, kò kúkú sí ẹran níbẹ̀."

Àmọ́ gbogbo èyí, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù kẹjọ ọdún 2019. Task Force ìpínlẹ̀ Èkó dá ọkọ̀ kan dúró, wọ́n ní kí wọ́n sọ̀. Wọ́n sọ̀, wọ́n sọ̀, wọn ò sọ̀ tán. Èèyàn 123 ló jáde, pẹ̀lú ọ̀kadà 48, wọ́n ní Jigawa làwọn ti ń bọ̀, iṣẹ́ làwọn wá ṣe. Èkó gbóná. Fídíò ń lọ láti fóònù dé fóònù, àwọn tí ò tíì jáde nílé láti àná ń kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé ogun ti wọ̀lú. Olayinka Egbeyemi tó jẹ́ alága Task Force nígbà náà yẹ̀ wọ́n wò títí, kò bá ohun tó lòdì sófin lára wọn, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni bí ọkọ̀ yẹn ṣe kún tó. Èmi ò rí ibi tó ti kún. Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n Ketu wọ̀n ọ́n: ọlọ́kadà kan níwájú, èrò méjì lẹ́yìn, ọmọ tí ìyá pọ̀n ò sí nínú kíkà. Ọ̀kadà 48 gba èèyàn 144. Àwọn 123 yẹn ò kún un rárá, àyè ẹni 21 ló ṣófo láti Jigawa dé Èkó. Ká ní kọ̀ndọ́ Ketu kan wà níbẹ̀ ni, ṣé irú ìfiṣòfò yẹn á wáyé?

Ọ̀kadà ti dé Kosofe báyìí. Ibo ló máa sùn? Ìta ò ṣeé fi í sílẹ̀ sí, torí olè Ketu kì í sùn. Nínú yàrá kan ní Ikosi, ọkọ, ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, sílíńdà gáàsì àti Bajaj ló jọ ń sùn. Ibi tí fíríìjì ìyàwó ì bá wà ni Bajaj dúró sí. Ìyàwó ní òun ò bínú pé ọkọ òun gbé ìyàwó kejì wọlé. Ohun tó ń dun òun ni pé ìyàwó kejì ń jo epo sí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá onílé tó ń pín owó iná lórí-ò-jorí sì ti kà á mọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará, ọ̀kadà kì í kúkú tan iná NEPA." Bàbá ní, "Ṣé kò ní gílóòbù lórí ni?"

Nígbà tí Iléyá bá dé, tí ẹni tó ni ín fẹ́ relé, kò lè fi í sílẹ̀. Onílé ti sọ pé ilé òun kì í ṣe gárájì, ará yàrá ìkejì sì ti ń wo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti ìgbà àwẹ̀. Ni ọ̀kadà bá tún padà sẹ́yìn tírélà. Tòmátì ò sí nínú ọkọ̀ mọ́ o! Apẹ̀rẹ̀ òfìfo ló ń lọ sókè Ọya, síbẹ̀ ìta náà ni wọ́n tún so ọ̀kadà sí. Apẹ̀rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ ní òrùlé lórí, ọ̀kadà tí wọ́n fi owó gidi rà ń jẹ òjò.

Ìjọba náà ò gbẹ́yìn. Òfin ìrìnnà Èkó ọdún 2012 ti kọ́kọ́ lé e kúrò lórí títì 475. Nígbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba Sanwó-Olú fi Kosofe, Oshodi-Isolo, Somolu àti Mushin kún ibi tí wọ́n ti fòfin dè é, Ikosi-Isheri àti Agboyi-Ketu ò sì yọ sílẹ̀. Ẹni tó gùn ún àti ẹni tó jókòó sẹ́yìn ni òfin ń dúró dè. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbé èèyàn ní Kosofe; mi ò gbọ́ níbi tí wọ́n ti ní kí èèyàn má gbé e. Tí ẹ bá rò ó dáadáa, ọ̀kadà kan ṣoṣo tó ń pa òfin mọ́ ní Ketu ni èyí tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn tírélà.

Àwọn yòókù, ọkọ̀ ìjọba ló ń kó wọn. Ní ti ìyẹn, kò sí okùn, kò sí rọ́bà tíúbù. Wọ́n á jù ú lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí, ó di Alausa, ibùjókòó ìjọba. Ní 2022, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú wọn ni ìjọba fi ẹ̀rọ tẹ̀ fọ́. Mo gbóríyìn fún dẹ́rẹ́bà onítòmátì: òun ṣáà bi í pé ibo ló ń lọ.

Ẹ̀yin èrò, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ sọ láàárọ̀ pé ìjọba ṣe dáadáa, wèrè ni gbogbo ọlọ́kadà. Nírọ̀lẹ́, tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ bá ti Mile 12 fà dé Ojota, mo rí yín ní ìdí afárá Ketu. Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ rọra ń pè é: "Ọ̀gá mi! Ọ̀gá mi àtàtà! Ṣé ẹ gba Ikosi?"

Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà tírélà, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín. Kí ẹ tó so ọ̀kadà mọ́ ọkọ̀, ẹ fa epo inú táǹkì rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì tú bátìrì rẹ̀. Epo ń jò, sìgá ọmọ ọkọ̀ ń jó, èèyàn sì wà lókè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọbẹ̀ tí wọ́n bù fún mi ní Ketu lọ́sẹ̀ tó kọjá ń rùn bíi pẹtiróòlù. Ata la sanwó fún, ẹ jọ̀ọ́.