Ère Kan Sọ Ọjà Di Tẹ́ńpìlì
Ní Pozzuoli, nítòsí Naples ní Ítálì, àwókù ọjà kan wà tí àwọn ará Róòmù kọ́ ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ń hú u jáde ní 1750, wọ́n kan ère òrìṣà Serapis níbẹ̀. Kíá, wọ́n ti sọ ọ́ di tẹ́ńpìlì!

Bẹ́ẹ̀, ìsọ̀ ló yí àgbàlá náà ká, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà ní igun rẹ̀. Àlejò tó ń ya fọ́tò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ níbẹ̀, ìsọ̀ ẹran àti ẹja ló ń júbà fún.

Òpó mẹ́ta ló ṣì nàró, gíga wọn tó nǹkan bíi mítà 12. Ẹ wo agbedeméjì wọn dáadáa: ihò wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀ bí ẹ̀wà tí kòkòrò jẹ. Ẹ̀dá oníkarawun inú òkun ló gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ yìí ti rì sómi rí, ó sì tún gbéra, torí iná abẹ́ ilẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. Láàárín 1982 sí 1984 nìkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mítà 2 ga sí i.

Charles Lyell, onímọ̀ nípa ilẹ̀, gbé àwòrán àwọn òpó náà síwájú ìwé rẹ̀ ní 1830, láti fi irú rírì àti gbígbéra ilẹ̀ yìí hàn. Títí dòní, orúkọ Serapis ni ọ̀pọ̀ aráàlú ṣì fi ń pe ọjà ẹlẹ́ran yìí.