Òròmọdìyẹ Wharf Road

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń fura, ẹ lọ wo ọ̀gbẹ́ni kan tó ń bá àwọn oníbàárà kó ẹrù jáde ní èbúté Apápá. Kì í ka nọ́ńbà kọ́ńténà sókè níbi tí ẹlòmíì wà. Bó bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ oní-POS, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rọ, á fi èjìká bo àtẹ́lẹwọ́, á tún wo ọ̀tún wo òsì kó tó tẹ nọ́ńbà mẹ́rin. Fóònù rẹ̀ kò ní ṣí láìrí ìka rẹ̀. Bí ìka bá dọ̀tí, ó gbọ́dọ̀ rí ojú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó di kí ó tẹ nọ́ńbà tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀, tí kò sì ní mọ̀ láyé.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, àwọn tírélà ń dúró lójú Wharf Road kí Ètò tó pè wọ́n wọlé, ìyẹn ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Nigerian Ports Authority gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021 kí ọkọ̀ má baà máa sùn lójú títì mọ́. Àwọn awakọ̀ ń bínú sí Ètò. Ọ̀gbẹ́ni tèmi kò rí ti Ètò rò. WhatsApp ló tì í síta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ìwà ìkà! Wọ́n ní mi ò lè wọlé, àfi lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Kí ni mo ṣe? GB ni mo ń lò jẹ́jẹ́ mi. Àwọn òyìnbó yìí ò fẹ́ ká jayé rárá."

Mo bi í pé kí ló wà nínú GB, WhatsApp ayédèrú yẹn, tí kò sí nínú WhatsApp gidi. Ojú rẹ̀ tàn, ó gbàgbé ìbínú. Ó ní oníbàárà á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, òun á kà á tán, àmì búlúù kò ní yọ. Oníbàárà á máa rò pé òun kò tíì rí i. Òun á wà lórí ẹ̀rọ títí di aago méjì òru, gbogbo ayé á rò pé òun ti sùn láti aago mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ tó sì pa á rẹ́, òun á ṣì rí i kà. Status àwọn àna òun, òun á wò ó láti òkè délẹ̀, orúkọ òun kò ní hàn láàárín àwọn tó wò ó.

Mo ní níbo ló ti rí i. Ó ní ọmọ kan ní Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, ló fi ránṣẹ́ sí òun láti orí fóònù tirẹ̀. Níbo ni ọmọ náà ti rí i? Kò mọ̀. Ta ló ṣe é? Ó wò mí tìyanutìyanu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ṣe WhatsApp gan-an ńkọ́, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Àwọn àgbà ní à ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò fẹ́ àlàyé: ẹni tí wọ́n ń ṣàánú fún ló ń bínú sí aláàánú.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ààtàn tí òròmọ yìí ń torí ẹ̀ sunkún wò. GBWhatsApp kò sí ní Play Store. Oríṣiríṣi ọwọ́ ló ń ṣe é, àìmọye ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń pín in, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń búra pé tòun nìkan ni ojúlówó, pé ti àwọn yòókù léwu. Ojúlówó ayédèrú! Ẹ rí i pé ọ̀làjú ti gbé wa débì kan. Bó bá ti délé tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àyè: ṣé kí n rí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù yìí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kí n máa wo fọ́tò? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kí n lo ẹ̀rọ tó ń gbóhùn? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kí n máa mọ ibi tí o wà? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣe kíá, mo fẹ́ wo status. Ọkùnrin tó ń fi èjìká bo àtẹ́lẹwọ́ nídìí POS ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀ o.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Kaspersky tú FMWhatsApp, tí òun àti GB jọ ń ṣe òwò kan náà, wọ́n sì bá Triada nínú rẹ̀, kòkòrò tó lè máa forúkọ ẹni tó ni fóònù sílẹ̀ fún ohun tó ń jẹ owó láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 wọ́n tú YoWhatsApp náà, wọ́n rí i pé ó ń kó àwọn kọ́kọ́rọ́ tí ẹlòmíì lè fi lo WhatsApp èèyàn láìfọwọ́ kan fóònù rẹ̀. Lóṣù yẹn kan náà ni Meta, tó ni WhatsApp, gbé ilé iṣẹ́ mẹ́ta láti Ṣáínà, Hong Kong àti Taiwan lọ sílé ẹjọ́ ní San Francisco. Ó ní áàpù wọn ti fi ẹ̀tàn gba ìdánimọ̀ èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan.

Ẹ wá ro èrè ọ̀gbẹ́ni mi. Ó fara pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ẹni tó bí i lọ́mọ. Ó fara pamọ́ fún oníbàárà, ẹni tó ń fún un lówó. Ó fara pamọ́ fún àna, ẹni tó máa bá a sin òkú bí ó bá kan ilé rẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ti ilẹ̀kùn mọ́. Ẹni kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ọ́n rí ló jókòó sínú yàrá rẹ̀, tó ń ka lẹ́tà.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ní òun ti fòfin de Twitter, torí pé àwọn kan ń fi ṣe ohun tó lè da Nàìjíríà rú. Orí Twitter gan-an ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn ti kéde rẹ̀: wọ́n wọ inú ibi èèwọ̀ lọ kéde fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé ibẹ̀ ti di èèwọ̀. Abubakar Malami, tó jẹ́ mínísítà ìdájọ́ nígbà náà, ní kí wọ́n fi ẹni tó bá tàpá sí i jófin. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ ti mọ VPN. Iṣẹ́ VPN ni pé ó máa ń mú gbogbo ohun tí èèyàn ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gba inú ẹ̀rọ ẹlòmíì kọjá, kí ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún un má lè rí ibi tó ń lọ. Àmọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ yẹn ń rí i. Ta ni? Ẹnikẹ́ni ò béèrè. Ọ̀fẹ́ ṣáà ni! A sá fún Abuja, a lọ forí pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí a ò mọ orúkọ ìlú rẹ̀.

Níbi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé yìí, ó yẹ kí n pa òwe dé, kí n sì máa fi òròmọ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọ̀gbẹ́ni yẹn bi mí, pé ṣé mo mọ ẹni tó ṣe WhatsApp gan-an, kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òwe sọ ti òròmọ, ó sọ ti ikú, ó sọ ti ààtàn. Kò sọ ohun tí aláàánú fẹ́ fi òròmọ ṣe bó bá dàgbà tán. Ẹni tó bá ń sin adìẹ mọ̀ pé kì í ṣe torí kí ó lè gbó, kó sì fọwọ́ rọrí kú ni a ṣe ń lé àṣá fún un. Ọdún ń bọ̀.

Meta tó ní kí a sá fún GB kó má baà jí ọ̀rọ̀ wa wò, òun kan náà ni àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé lórí ní oṣù Keje ọdún 2024. Ẹ̀sùn rẹ̀? Ó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ó sì ń ṣe sí wa bí kò ti tó ṣe sí àwọn ará ilẹ̀ míì. Ilé ẹjọ́ tí Meta pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí fọwọ́ sí ìtanràn náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ìyẹn ni pé Meta kò bínú pé wọ́n ń já ìyẹ́ òròmọ. Ohun tó ń bí i nínú ni pé ẹlòmíì ló ń já a.

Ìjọba náà ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ní síìmù lọ so ó mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, torí kí a lè rí àwọn ajínigbé mú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2022 wọ́n dí nọ́ńbà tó lé ní mílíọ̀nù 70. Ẹni tó ni nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò lè pe ẹnikẹ́ni. A tò, oòrùn pa wá, a fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative fi léde pé ojúlé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń ta NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ọgọ́rùn-ún náírà, owó tí kò lè gbé èèyàn láti Boundary dé Wharf Road. Wọ́n ra ti Bosun Tijani, mínísítà tí ọ̀rọ̀ ayélujára wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. NIMC, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú NIN, ní ẹnikẹ́ni kò fọ́ ibi ìpamọ́ òun. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀kùn kò bá fọ́, tí ẹrù wá wà lọ́jà, kí la fẹ́ kí ará ìlú rò nípa ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ó wá ku Google. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ó kéde pé láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026, ní Brazil, Indonesia, Singapore àti Thailand, fóònù Android tí òun fọwọ́ sí kò ní gba áàpù lọ́wọ́ ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Láti 2027, ó máa kan ilẹ̀ yòókù. Ó ní kòkòrò tó ń bá áàpù tí èèyàn gbà láti ìta rìn ju ti Play Store lọ ní ìlọ́po 50. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe áàpù pariwo, ó ní òun á fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe. Wọ́n ń ṣọgbà yí ààtàn ká, wọ́n sì ní ilẹ̀kùn wà níbẹ̀.

Ibí yìí ni inú ti ń bí mi gan-an sí ọ̀gbẹ́ni mi. Kí èèyàn fi owó rẹ̀ ra fóònù, kó sì gbé ohun tó wù ú sí i, ẹ̀tọ́ ńlá ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí ìdìbò bẹ̀rẹ̀ ní Rọ́ṣíà, Google àti Apple yọ áàpù àwọn ọmọ ẹ̀yìn Alexei Navalny, alátakò ìjọba ibẹ̀, kúrò lórí àtẹ wọn nítorí ìjọba ń halẹ̀. Lọ́jọ́ tí irú rẹ̀ bá dé bá wa, ọ̀nà ìta yẹn ló máa kù fún wa lórí Android. Òmìnira tí èèyàn lè fi dojú kọ ìjọba ló wà lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni yìí. Kí ló fi ṣe? Ó fi ń wo status àna rẹ̀. Gbogbo ẹni tí GB bá tú lásìírí sì ti di ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọgbà. Òròmọ tó kú sí ààtàn ló ń fún aláàánú ní igi tó fi ń há àwọn òròmọ yòókù mọ́.

Ẹnì kan wà tí òwe yìí gbàgbé: ìyá òròmọ. Àgbébọ̀ kì í ní kí ọmọ òun má lọ ààtàn, torí níbẹ̀ ni oúnjẹ wà. Òun gan-an ló ń kó wọn lọ, tí á fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ fún wọn, tí á sì máa fi ojú kan wo òkè. A ti rí irú rẹ̀ ládùúgbò yìí. Ní ọdún 2007, Gbenga Sesan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Ajegunle.org, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ ní kọ̀ǹpútà. Wọn kò sọ fún ọmọ Ajégúnlẹ̀ pé íńtánẹ́ẹ̀tì léwu, kó jókòó sílé. Iṣẹ́ yẹn ni Paradigm Initiative fi bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ kan náà tó wá fi ọgọ́rùn-ún náírà ra NIN mínísítà. Wọ́n tún wà lára àwọn tó jà fún àbádòfin ẹ̀tọ́ àti òmìnira lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ̀, kò buwọ́ lù ú. Ó ní ọ̀rọ̀ tó kó pọ̀ sínú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba rẹ̀ rí ọ̀rọ̀ kékeré kan tó rọrùn láti buwọ́ lù: ó ti Twitter pa. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ní oṣù Keje ọdún 2022 ní kò bófin mu.

Nítorí náà, yọ GB kúrò lórí fóònù rẹ, àbúrò mi, ṣùgbọ́n má yọ ọ́ nítorí pé Meta halẹ̀. Yọ ọ́ torí pé o béèrè ẹni tó ṣe é, kò sì sí ìdáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, má fi ìbéèrè náà sápò. Bi WhatsApp. Bi NIMC. Bi ẹni tó ni VPN, bi Google, bi ẹnikẹ́ni tó bá ní ikú ni òun ń gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ta ni ọ́, kí lo fẹ́ fi mí ṣe? Èyí tó bá gbaná jẹ nínú wọn nítorí pé o béèrè, òun ni àṣá.