Máàkì Mélòó Ni Ká Fún Ilé-Iṣẹ́ Yìí?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá wa ń ṣe gudugudu méje àti yààyàà mẹ́fà fún aráàlú. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo sí abúlé, gbogbo ayé ló máa gbọ́. Wọn á na kánópì, wọn á gbé Kábíyèsí jókòó sórí àga tìmùtìmù, wọn á fi fìlà onílógò dé àwọn ọmọ iléèwé tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀. Ọ̀gá àgbà á ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi á tú yàà, àtẹ́wọ́ á ró wàà. Bí ọkọ̀ àwọn àlejò bá ti yí kọ́nà tán, ẹni tí wọ́n yá jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ á tú wáyà rẹ̀, ó di ilé. Omi dáwọ́ dúró. Pátákó "Ẹ̀bùn fún Aráàlú" ló kù, òun kì í sì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn.

Kó tó pẹ́, ilé-iṣẹ́ ọ̀hún á ti gba àmì-ẹ̀yẹ nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan l'Ékòó. Ta ló ṣèwádìí? Àwọn fúnra wọn ni. Àwọn ló kọ ìròyìn, àwọn ló ya fọ́tò, àwọn ló dáhùn ìbéèrè tí àwọn adájọ́ fi ránṣẹ́, àwọn náà ló sì ra tábìlì iwájú níbi àsè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń máàkì ìwé ara rẹ̀, ṣé ẹ ti rí i kó féèlì rí?

Ẹ má rò pé ilé nìkan la ti ń ṣe é o. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ìwé ìdíwọ̀n kan tó lórúkọ gan-an lágbàáyé, Dow Jones Sustainability Index, tó ń wo ìwà ilé-iṣẹ́ sí àwùjọ àti àyíká, gbé Volkswagen ti ilẹ̀ Jámánì sípò kìn-ín-ní láàárín àwọn tó ń ṣe mọ́tò. Oṣù náà ò tíì parí tí àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà fi tú àṣírí: Volkswagen ti fi ètò kọ̀ǹpútà kan pamọ́ sínú ọkọ̀ wọn tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Bí ọkọ̀ bá ti mọ̀ pé wọ́n ń yẹ òun wò, èéfín rẹ̀ á dọmọlúàbí. Bó bá bọ́ sójú títì, gáàsì olóró tó ń tú jáde lè tó ìlọ́po 40 iye tí òfin gbà láyè. Mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ kárí ayé ló ní ètò yìí nínú. Oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé. Ẹni tó lè kọ́ mọ́tò níwà níwájú olùyẹ̀wò, ṣé fọ́ọ̀mù ìbéèrè ni kò ní mọ̀ ọ́n kọ?

Kí iṣẹ́ lè rọ àwọn adájọ́ lọ́rùn, èmi náà ti ṣètò máàkì tèmi. Pátákó tí èèyàn lè kà láti inú bọ́ọ̀sì tó ń sáré: 40. Sọ̀wédowó tó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, tí kò sí báǹkì tó lè gbà á wọlé: 30. Fìlà àti ẹ̀wù: 20. Omi fúnra rẹ̀: 10, bó bá yọ. Owó oṣù òṣìṣẹ́, owó orí, eruku tó ń bọ́ sínú ọbẹ̀ aládùúgbò: kò sí nínú sílébọ́ọ̀sì.

Bẹ́ẹ̀, ìdíwọ̀n gidi ṣeé ṣe. Nígbà tí UNEP, àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, fẹ́ mọ ohun tí epo rọ̀bì ti ṣe ní ilẹ̀ Ògóni, ìwé aláwọ̀ mèremère kọ́ ni wọ́n jókòó tì. Oṣù 14 ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, ibi tó lé ní 200 ni wọ́n yẹ̀ wò, èèyàn tó ju 23,000 lọ ni wọ́n bá ṣèpàdé. Wọ́n fa omi kànga. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2011 sọ pé ní ìletò Nisisioken Ogale níbẹ̀, benzene tó wà nínú omi táwọn ìdílé ń mu lé ní ìlọ́po 900 ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí. Benzene sì máa ń fa jẹjẹrẹ. Kò sí fìlà tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ gbà jèrè ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ká tó wo èyí tó fi ṣàánú nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ẹ bá tún ń wá ẹni tí yóò fún yín ní máàkì, ẹ fi òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Ẹ pe òṣìṣẹ́ yín, ẹ pe àwọn tí ògiri yín kan ògiri wọn, ẹ gbé bírò pupa lé wọn lọ́wọ́. Bí àyà yín bá já láti pè wọ́n, a jẹ́ pé ẹ ti mọ iye tí ẹ gbà.